Bàbá ìbejì wà nínú fóònù: ṣé kí n kó àwọn ọmọ lọ bá a ní Jámánì?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ìbàdàn, mo ti lo ọdún mẹ́sàn-án lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọkọ mi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Iléeṣẹ́ kan ní Munich ló gbà á, ó sì ti lo oṣù mẹ́rìnlá níbẹ̀ lórí Blue Card, ìwé ìgbélùú tí wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ onímọ̀. Ìbejì la bí, wọn ò ní pẹ́ pé ọmọ ọdún márùn-ún. Alaalẹ́ la ń rí ara wa lórí WhatsApp, òun gan-an ló ń bá wọn kàwé kí wọ́n tó sùn. Ó ní kí n ní sùúrù títí òun á fi rí ilé tó fẹ̀, torí ìjọba wọn kì í jẹ́ kí ẹbí wá láìsí ilé tó tó, àti pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ òun, òun lè máa wá lo oṣù mẹ́fà mẹ́fà ní Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má dá a lóhùn, pé nọ́ọ̀sì ni Jámánì ń wá, àjẹ́ńtì kan sì ti ní kí n mú mílíọ̀nù méjì náírà wá. Màmá mi ní òyìnbó máa ń gba ọmọ lọ́wọ́ òbí. Ẹlòmíràn ní AI máa tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, kí n má fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ lọ bá ẹni tí kò ní níṣẹ́ mọ́. Orí mi ti dàrú. Kí ni kí n ṣe?"

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú àmúmọ́ra. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ ilé wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àjẹ́ńtì wà níbẹ̀, ti AI àti ti òyìnbó tó ń gba ọmọ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí mo tún padà sí ni ibi tí ẹ ti ní ọkọ yín ló ń bá àwọn ọmọ kàwé kí wọ́n tó sùn. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni tó ń gbèjà ọkọ rẹ̀. Mo gbà pé òótọ́ ni, mo sì rò pé ibẹ̀ gan-an ni bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀: ó dà bíi pé ilé yín kò pínyà, kò wá sí ẹni tó lè fọwọ́ lu tábìlì pé ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn ìbéèrè yòókù ní ìdáhùn nínú òfin. Èyí kò ní, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 2001 ni mo dé Frankfurt. Mo fi ọmọkùnrin mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ màmá mi ní Abẹ́òkúta, kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà náà. Ọdún yẹn ni GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Nàìjíríà, kò sì tíì dé ọwọ́ màmá mi. Máàkì mẹ́wàá, owó Jámánì ìgbà yẹn, ni mo fi ń ra káàdì ìpè. N óò fi owó idẹ ha ẹ̀yìn rẹ̀ kí nọ́ńbà hàn, n óò pe ilé aládùúgbò kan lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn, wọn á sì rán ọmọ lọ pe màmá mi. Ká tó kí ara wa tán, obìnrin inú ẹ̀rọ á ti máa sọ pé ìṣẹ́jú kan ló kù. Ọmọ mi kì í sọ̀rọ̀, ó kàn ń mí sínú fóònù ni. Ọdún mẹ́ta kọjá ká tó rí ìwé rẹ̀ gbà. Nígbà tó yọ sí mi ní pápákọ̀ òfurufú pẹ̀lú ẹni tó mú un wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ káàsán, mà." Bí wọ́n ṣe ń kí àlejò ló ṣe kí mi. Ó kù díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún márùn-ún, màmá mi sì ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ilé dáadáa.

Ìrora yẹn ló lé wa. Ọdún mẹ́ta yẹn, ìwé ló dá wa dúró, kì í ṣe ilé ńlá: yàrá kan àbọ̀ la gbà, a sì yáwó. Lónìí, iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni kí n máa gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nímọ̀ràn lórí ìwé ìgbélùú àti ọ̀rọ̀ ẹbí, mo sì ti ṣàkíyèsí pé àwọn tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn dára jù ni ìpínyà wọn ń pẹ́ jù. Nọ́ọ̀sì ni yín, ẹ mọ ohun tí oògùn apàrora ń ṣe fún aláìsàn tí kò tíì fẹ́ lọ rí dókítà. Bàbá kan tí mo bá ṣe ìwé máa ń bá ọmọ rẹ̀ jẹun alẹ́ láti ibí dé Àkúrẹ́. Wọ́n á gbé tablet ti ìgò omi lórí tábìlì, ọmọ á na òkèlè sí i lójú, bàbá á la ẹnu. Nígbà tí bàbá náà lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ọmọ kò fi jẹ́ kó gbé òun. Lọ́jọ́ tó ń padà, ọmọ bi í pé, "Ṣé ẹ ti ń padà sínú fóònù yín nìyẹn?" Ara ọmọ yá gágá, kò sunkún rárá. Bàbá ló wá sunkún ní ọ́fíìsì mi.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀. Jámánì bá Ítálì ṣe àdéhùn láti máa kó òṣìṣẹ́ wá ní 1955, ó bá Tọ́kì ṣe tirẹ̀ ní October 1961. Ọdún méjì ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí ará Tọ́kì kọ̀ọ̀kan lò kó sì padà sílé. Àwọn iléeṣẹ́ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ta ni fẹ́ kọ́ èèyàn níṣẹ́ tán kó tún lé e lọ? Wọ́n yọ gbèdéke yẹn kúrò ní 1964. Àwọn òbí ń sọ pé "ó ku ọdún kan sí i", wọ́n ń gba ohùn ara wọn sínú kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sílé, ọmọ ń dàgbà lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Àwọn mìíràn kó ọmọ wá, wọ́n dá a padà, wọ́n tún kó o wá. Kofferkinder ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ yẹn títí dòní, ìyẹn àwọn ọmọ inú àpótí ìrìnàjò. Nígbà tí ìjọba dá kíkó òṣìṣẹ́ wá dúró ní 1973, ẹ̀rù ba àwọn tó wà níbẹ̀ pé bí àwọn bá lọ sílé, àwọn ò ní rí ọ̀nà padà, ni wọ́n bá kó ìyàwó àti ọmọ wá ní kíá. Òfin tó yẹ kó dín wọn kù ló sọ wọ́n di onílé. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé "ó ku díẹ̀" tí ọkọ yín ń sọ ti gbó ní Jámánì ju ọkọ yín lọ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ilé. Ọkọ yín kò parọ́, òfin àná ló ń kà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó fẹ́ mú ẹbí wá gbọ́dọ̀ fi hàn pé ilé òun fẹ̀ tó, wọ́n sì ń fi mítà wọ̀n ọ́n. Láti 1 March 2024, wọ́n ti gbé ẹrù yẹn kúrò lórí òṣìṣẹ́ onímọ̀ tó fẹ́ mú ìyàwó tàbí ọkọ àti àwọn ọmọ tí kò tíì dàgbà wá. Ohun tí wọ́n ń wò báyìí ni bóyá owó oṣù rẹ̀ lè bọ́ yín àti bóyá ínṣọ́ránsì ìlera wà. Ìyàwó ẹni tó ní Blue Card kò nílò ìwé ẹ̀rí èdè Jámánì kó tó gba físà, bó bá sì ti gba ìwé ìgbélùú, ó lè ṣe iṣẹ́ tó bá wù ú. Ohun tí mo fura pé ọkọ yín kò tíì ṣírò ni iye tí ìdágbé ń ná an. Ẹ̀ka owó-orí kìíní, ti àpọ́n, ni wọ́n ń yọ lára owó oṣù rẹ̀, nítorí pé ẹ kò gbé Jámánì. Bí ẹ bá dé, ó lè bọ́ sí ẹ̀ka kẹta, ẹ ó sì rí ìyàtọ̀ rẹ̀ lóṣù tó bá tẹ̀ lé e. Kindergeld, owó tí ìjọba ń san lórí ọmọ, kì í tọ́ sí ọmọ tó ń gbé Ìbàdàn. Yúrò 255 ni lóṣù fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní 2025, ó di 259 láti January 2026, ìbejì sì ni tiyín. Bó bá wà nínú ínṣọ́ránsì ìlera gbogboògbò, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ á wọ inú rẹ̀ láìfi kọ́bọ̀ kún ohun tó ń san, títí ẹ̀yin náà á fi rí iṣẹ́ gidi.

Ṣùgbọ́n òfin kọ́ ni lánlọ́ọ̀dù. Munich ni ilé ti wọ́n jù ní gbogbo Jámánì. Wọ́n á béèrè ìwé owó oṣù mẹ́ta, wọ́n á béèrè ìwé Schufa tó ń sọ bóyá èèyàn ń san gbèsè rẹ̀, ẹ ó sì bá ogún èèyàn tó tò sórí àtẹ̀gùn nítorí yàrá méjì péré. Mi ò ní tàn yín pé ó rọrùn. Ibí yìí ni iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti lè ṣe ilé yín lóore ní tòótọ́: bí iléeṣẹ́ bá gbà kó máa ṣiṣẹ́ láti ilé fún ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ló ń wá ní àárín Munich? Augsburg wà níbẹ̀, kò tó wákàtí kan nínú ọkọ̀ ojú irin, ilé ibẹ̀ sì ṣe é gbà. Ọkùnrin tó ń dá gbé kì í ronú lọ síbẹ̀, torí ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà ló ń wò.

Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ní Ìbàdàn ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kó ti gbọ́ pé Blue Card kì í bàjẹ́ títí èèyàn á fi lo oṣù méjìlá níta, ìyẹn sì jẹ́ òótọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ló máa sọ pé rárá. Kò sí òfin Jámánì tó fún òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti máa ṣiṣẹ́ láti ilé. Èyí tí wọ́n fi dandan lé nígbà Corona parí ní March 2022. Láti orílẹ̀-èdè mìíràn tún wá le jù. Owó-orí ti ibo ni yóò san? Bí ó bá fẹsẹ̀ kọ lẹ́nu iṣẹ́ ní Bódìjà, ínṣọ́ránsì wo ni yóò tọ́jú rẹ̀? Data àwọn oníbàárà á máa kọjá sí òde Yúróòpù, wọn kì í sì fi òfin data ṣeré. Èyí tí mo ń rí jù ni kí iléeṣẹ́ gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dún, nínú Yúróòpù nìkan. Mo mọ ẹnìkan tó gbé kọ̀ǹpútà iṣẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ ló lọ sọ ibi tó wà, lẹ́tà ìkìlọ̀ sì ti ń dúró dè é kó tó padà. Bí ọkọ yín bá ní wọ́n gba òun láàyè, kó fi ìwé rẹ̀ hàn yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá kan kò tó.

Ohun tó ń mú èmi kánjú ju gbogbo èyí lọ ni ọjọ́ orí ìbejì. Bí ọmọ bá pé ọdún mẹ́fà ní Jámánì, ilé-ẹ̀kọ́ di dandan, kò sì sí pé òbí ń kọ́ ọmọ nílé. Bí wọ́n bá dé kó tó di ìgbà náà, Kita ni wọ́n á wọ̀, ìyẹn ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, níbi tí èdè ti ń wọ ọmọdé lára nídìí oúnjẹ àti nínú iyẹ̀pẹ̀. Ní Bavaria, ìpínlẹ̀ tí Munich wà, ètò kan wà tó ń jẹ́ Vorkurs Deutsch 240. Wákàtí 240 ni wọ́n fi ń ti ọmọ tí èdè rẹ̀ kò tíì dán lẹ́yìn, ọdún kan ààbọ̀ ṣáájú kíláàsì kìíní ló sì ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ lórí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ yín, ẹ ó rí i pé ó ti dé tán. Ọmọ ọdún méje náà á gbọ́ èdè, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn kíláàsì kẹrin ni Bavaria ń pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ẹni tó bá máa lọ Gymnasium, tó ń lọ tààrà sí yunifásítì, ni wọ́n sábà máa ń béèrè ìpíndọ́gba 2.33 tàbí èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú èdè Jámánì, ìṣirò àti ẹ̀kọ́ nípa ìlú àti àyíká. Máàkì 1 ló ga jù lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ tó fi ọdún kan nínú mẹ́rin yẹn kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àyè láti lọ tọ̀, ibo ló ti fẹ́ rí 2.33? Ilẹ̀kùn kò tì pa lẹ́yìn ìgbà náà o. Ọmọkùnrin tèmi gba ọ̀nà àyípo dé yunifásítì. Ọdún tó fi gùn sí i, òun ló lò ó, èmi kọ́.

Kí Kita má baà dà bí ohun tó ń dúró dè yín lẹ́nu ọ̀nà: láti August 2013 ni òfin ti fún ọmọ tó bá ti pé ọdún kan lẹ́tọ̀ọ́ sí i, síbẹ̀ àyè kò tó. Ní Munich, orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń fi orúkọ sílẹ̀, kita finder+ ni orúkọ rẹ̀. Ẹ má retí pé gbogbo nǹkan á yá bẹ́ẹ̀. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2017 ní kí gbogbo iṣẹ́ ìjọba ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí 2022 tó parí, àwa ṣì ń gba lẹ́tà nínú àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Ìlú BMW ni o.

Ẹ má fún àjẹ́ńtì yẹn ní kọ́bọ̀. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó, pé kí àwọn orílẹ̀-èdè olówó yé kó wọn lọ. Jámánì ti fi í sínú òfin tirẹ̀: àjẹ́ńtì aládàáni kò gbọ́dọ̀ lọ máa ṣa nọ́ọ̀sì níbẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ló láṣẹ. Nọ́ọ̀sì tó bá dá wá iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò dẹ́ṣẹ̀, ẹni tó ń gba mílíọ̀nù méjì yẹn ló ń rú òfin. Ẹ̀yin kò tilẹ̀ nílò rẹ̀, torí ọ̀nà ìyàwó lẹ ó gbà wọlé. Ohun tí ẹ nílò ni kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí yín. Ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ ni yóò fi ẹ̀kọ́ yín wé tiwọn, wọn á rí ibi tó yàtọ̀, wọn á ní kí ẹ ṣe ìdánwò tàbí kí ẹ lo oṣù mélòó kan nílé ìwòsàn lábẹ́ ojú ẹlòmíràn, èdè yín sì gbọ́dọ̀ dé ìpele B2 (A1 ni ìpele ìbẹ̀rẹ̀, C2 ló ga jù). Wákàtí 700 ni ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, B1 ló ń gbéni dé. Kíláàsì èdè iṣẹ́ ló máa gbé yín dé B2. Nínú àwọn tí mo tẹ̀ lé, kò sẹ́ni tó parí rẹ̀ kó tó pé ọdún kan ààbọ̀. Kí ẹ tó kúrò ní Ìbàdàn ni kí ẹ ti gba ìwé gbogbo kọ́ọ̀sì tí ẹ ṣe pẹ̀lú iye wákàtí rẹ̀, ìwé ẹ̀rí ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́, àti èyí tí ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì ní Àbújá máa kọ. Ẹni tó ti rékọjá òkun tó wá ń bẹ akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ lórí fóònù mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó ń sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì wa. Iṣẹ́ yẹn kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Nílé, mọ̀lẹ́bí ló ń wẹ aláìsàn tó sì ń fún un lóúnjẹ, ẹ̀yin lẹ ń ta omi sí i lára tí ẹ sì ń gún un lábẹ́rẹ́. Ní Jámánì, ẹ̀yin lẹ ó wẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin lẹ ó nù ún nídìí, dókítà sì lè ní òun ló ni abẹ́rẹ́. Mo ti rí obìnrin tó ti jẹ́ ọ̀gá wọ́ọ̀dù tó ń sunkún lórí èyí. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà wá dé: gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ ní èdè Jámánì kí ẹ tó lọ sílé. Wọ́n máa ń sọ pé ohun tí a kò kọ sílẹ̀, a kò ṣe é. Ẹnu lásán kò gba èèyàn là níbẹ̀, ìkọ̀wé ni.

Ẹ bá mi kí màmá. Ẹ̀rù wọn kò ṣàdédé wá. Jugendamt, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, lágbára láti gbé ọmọ kúrò nílé bí ewu gidi bá wà lórí rẹ̀, bí òbí bá sì ta kò ó, adájọ́ ni yóò pinnu. Mo ti bá àwọn òbí jókòó níwájú wọn, mi ò lè sọ pé wọn kì í ṣàṣìṣe, pàápàá níbi tí òbí kò ti gbédè tó jẹ́ ọmọ ló ń ṣe ògbufọ̀. Ẹgba ló ń kó àwa sí wàhálà jù. Láti ọdún 2000 ni òfin wọn ti sọ pé ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí títọ́ tí kò ní ìyà nínú. Ìgbátí kò sí, kúnlẹ̀-kí-o-gbọ́wọ́-sókè kò sí. Ọmọ ọdún márùn-ún á sì sọ ọ́ fún olùkọ́ Kita láìní in lọ́kàn láti ṣe yín níbi, bí ìgbà tó ń sọ ohun tó jẹ láàárọ̀. Ẹ ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi pàṣán sílẹ̀. Èyí tí wọn kì í sọ fún màmá ni pé ọrùn àwọn Jugendamt yìí kan náà ni ẹ̀tọ́ ìbejì sí àyè Kita wà.

Ní ti AI, àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń wá sọ́dọ̀ mi ní iṣẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣọ̀wọ́n, pé ẹni tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ ṣì ń rí ṣe. Mi ò lè fi ìyẹn búra fún yín. Ohun tí mo lè sọ ni ibi tí ọkọ yín dúró sí lábẹ́ òfin. Ó ti kọjá oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Bí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà bá ju mẹ́wàá lọ, wọn kò lè lé e láìnídìí, bí wọ́n bá sì fẹ́ dín èèyàn kù, wọ́n gbọ́dọ̀ wo ẹni tó ti pẹ́, ọjọ́ orí, àìlera àti iye ẹnu tó ń bọ́ kí wọ́n tó mú ẹni tó máa lọ. Ìbejì yín wà nínú ìṣirò yẹn. Ó ti san owó ìdáàbòbò iṣẹ́ fún ohun tó lé lọ́dún kan, bí iṣẹ́ bá bọ́, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí oṣù mẹ́fà tí wọ́n á fi máa san ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń dé ọwọ́ rẹ̀, torí ó ní ọmọ lọ́rùn. Ibi tó ti rọ̀ ni ìwé ìgbélùú: ẹni tó wà lórí Blue Card tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ju oṣù díẹ̀ lọ láti wá òmíràn. Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa. Lẹ́yìn oṣù 27 lórí Blue Card, ó lè gba ìwé ìgbélùú tí kò lópin bó bá gbọ́ èdè dé A1. Bó bá dé B1, oṣù 21 ni. Oṣù 14 ló ti lò. Bí ọkọ yín bá jókòó ti ìwé tó sì yege B1, oṣù méje ló kù kí ìwé rẹ̀ kúrò lábẹ́ ọ̀gá. Mo rò pé irọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ nínú kíláàsì èdè á dáàbò bò yín ju kí ẹ máa ka ìròyìn AI lọ.

Bí ẹ bá dé, ilé á yàtọ̀ sí ti inú fóònù. Kò sí ọmọ ọ̀dọ̀, kò sí ìyá àgbà. Kita á pè ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ pé Kẹ́hìndé gbóná, kí ẹ wá gbé e. Ọkọ yín á wà nínú ìpàdé orí kọ̀ǹpútà nínú yàrá, ìbejì á máa gbá ilẹ̀kùn. Òfin wọn ní kí wákàtí mọ́kànlá wà láàárín ìgbà tí òṣìṣẹ́ ṣíwọ́ àti ìgbà tó tún bẹ̀rẹ̀, Sunday sì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Ẹ dì í mú, torí àwọn ọkùnrin wa ló ń fi ọwọ́ ara wọn ṣí kọ̀ǹpútà padà lálẹ́. Ẹ má retí pé kí màmá wá bá yín gbé ọmọ. Láti March 2024 ni àwọn òṣìṣẹ́ onímọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ti lè mú òbí wá, ṣùgbọ́n ínṣọ́ránsì ìlera fún àgbàlagbà ni ibi tí púpọ̀ ń kú sí. Ohun kan tún ni pé ẹ̀ka owó-orí kẹta tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ka karùn-ún ni yóò jẹ́ tiyín níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọn á gé owó yín débi tí ẹ ó fi rò pé ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba. Ẹ jọ lọ yí i sí ẹ̀ka kẹrin nígbà náà, níbi tí wọ́n ti ń ṣírò ti ẹ̀yin méjèèjì bákan náà, pàápàá bí ẹ bá fẹ́ bímọ sí i, torí owó tó ń dé ọwọ́ yín ni wọ́n fi ń ṣírò owó ìsinmi ọmọ.

Bí mo bá wà nípò yín, n óò lọ, n óò sì lọ kí ìbejì tó pé ọdún mẹ́fà. Mi ò ní kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lónìí o. Ìsinmi ọdún kan tí kò lówó oṣù nínú ni n óò kọ́kọ́ tọrọ. Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ yín fẹ́ ṣe ọdún méjì kó padà sílé pátápátá, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ jókòó sí Ìbàdàn, kí ẹ jọ kọ ọjọ́ tó ń bọ̀ sílẹ̀. Ìwé ìgbélùú yín á so mọ́ ìgbéyàwó yín fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ẹ bá jọ gbé ní Jámánì, ẹni tí ilé rẹ̀ ti ń mì kí ó tó lọ yẹ kó ro ìyẹn dáadáa. Ẹ kò bi mí nípa ohun tó wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì, mi ò sì lè rí i láti inú lẹ́tà.

Ìwé ló máa ń gba àkókò jù. Ẹ ṣe ìgbéyàwó rẹ́jísìrì bí ó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀ nìkan lẹ ṣe. Àwọn Jámánì kì í kàn lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé Nàìjíríà, wọ́n máa ń rán èèyàn lọ wádìí rẹ̀ ni, oṣù ni wọ́n fi ń ka ìyẹn. Láti 2025 ni ìbéèrè físà ti lè bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó lọ sí kọ́ńsùléètì wọn ní Èkó. Ẹ yẹ ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ wò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí ìbejì tí ìwé ìbí rẹ̀ pè ní Kẹ́hìndé, tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ pè ní Kẹ́yìndé. Oṣù márùn-ún ló fi dá ìyá rẹ̀ dúró.

Nígbà tí ẹ bá rí ọkọ yín lálẹ́ òní, ẹ ní kó ya káàdì ìgbélùú rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn, kó fi ránṣẹ́ sí yín. Bí ẹ bá rí "Blaue Karte EU" lára rẹ̀, gbogbo ohun tí mo kọ yìí dúró. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ tún kọ̀wé sí mi kí ẹ tó san owó fún ẹnikẹ́ni.